Bàbá Àgbà Ní Àwọ̀ Náà Kò Tíì Mu

Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín níbi ìsìnkú Bàbá Àgbà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé baba rere ni wọ́n, pé alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ ni wọ́n, pé wọ́n sì fẹ́ràn àlàáfíà. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́, ṣùgbọ́n kò bá wọn gbélé rí. Bàbá Àgbà tí èmi mọ̀ bá ìyá mi jà nítorí ṣíbí, wọ́n bá èmi jà nítorí èdè, wọ́n sì ń bá òtútù Calgary jà láràárọ̀. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bú òtútù náà dáadáa, wọ́n á tún ilẹ̀kùn tì. Ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá mi nínú basement, yàrá abẹ́ ilé wa, kò sí nínú ìwé ìsìnkú. Bàbá mi kò ní kọ ọ́ láéláé, nítorí náà èmi ni màá kọ ọ́.

N kò ní ròyìn ayé wọn láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú. N kò mọ̀ ọ́n tán. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ péré la fi gbé pọ̀ ní Temple, àdúgbò wa ní Calgary, lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà kú tí bàbá mi sì mú wọn wá láti Ṣakí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, orí mi sì kún fún tara mi. Ohun tí mo rántí fọ́n káàkiri, bí ọwọ́ mi bá ṣe bà á ni màá máa ṣà á jọ.

Ọwọ́ wọn ni màá kọ́kọ́ mú. Ìka wọn dúdú ju ara wọn yòókù lọ. Dúdú iṣẹ́ ni, ọṣẹ kò ràn án. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi tún ìbọn ọdẹ ṣe. Ọdẹ á gbé ìbọn tó ti dípẹtà wá, Bàbá Àgbà á ha ìpẹtà náà kúrò, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ kíkúnná dán irin, wọ́n á yan án níná díẹ̀, wọ́n á fi òróró pa á lára, wọ́n á tún dán an, títí yóò fi dúdú minimini bí aṣọ ẹtù tuntun. Bí àwọ̀ náà bá jinlẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á ní ó ti mu, bí àwọn aláró ṣe ń sọ nípa aṣọ. Bí kò bá jinlẹ̀ tó, wọ́n á ha gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún máa ń fín lẹ́tà sára irin, pẹ̀lú ìṣó tí wọ́n pọ́n lẹ́nu àti òòlù tí orí rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé, wọ́n rí ṣọ́bìrì tí a fi ń kó snow, ẹnu rẹ̀ ti pọ́n fún ìpẹtà. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta dán an. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, snow ń kún iwájú ilé wa, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ọ̀nà dé ìdí ọkọ̀. Ìyá mi dúró lé wọn lórí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká lo shovel yìí. City máa fún wa ní ticket o. Gbogbo street ti kó tiwọn, àwa nìkan ló kù.”

Bàbá Àgbà kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ohun tó kù díẹ̀ kó tán, kò tíì tán.”

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi, ní ọsibítù ńlá tó wà ní Sunridge. Wákàtí méjìlá ni wọ́n ń fi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kan wọ́n dé láti iṣẹ́, wọ́n bá gbogbo ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ilé lórí tábìlì, lórí aṣọ ìnura, ní ìlà ìlà. Bàbá Àgbà ti kó wọn jáde nínú dishwasher, wọ́n ń nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi bọ́ bàtà sílẹ̀ wọ́n bú sẹ́kún. Ó rẹ̀ wọ́n ni, ṣíbí kọ́. Bàbá Àgbà rò pé ṣíbí ni. Wọ́n fa àga fún ìyá mi, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣàlàyé pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀rọ rẹ ń fọ̀ wọ́n ni, kò mojú wọn.”

Èmi àti wọn, èdè ló ń dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n á bi mí léèrè ní Yorùbá, màá dáhùn ní èdè Òyìnbó, kì í ṣe pé n kò gbọ́, ojú ló ń tì mí pé ẹnu mi wúwo. Tí mo bá ti sọ Òyìnbó báyìí, wọ́n á wo ògiri bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbà pé lóòótọ́ ni wọn kò gbọ́. Mo ń sọ̀rọ̀ wọn lójú wọn lórí fóònù fún ọ̀rẹ́ mi, pé my grandpa is so weird, he polishes the doorknobs. Wọ́n á máa dán ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ojú á tún tì mí.

Ohun kan wà tí wọ́n kọ́ mi tí n kò gbàgbé. Wọ́n ní gbogbo ọwọ́ kọ́ ló bá irin mu. Ọwọ́ kan wà tí òógùn rẹ̀ ní iyọ̀ púpọ̀, bí ó bá kan irin lónìí, lọ́jọ́ mélòó kan sí i ìpẹtà á yọ ní ojú ibi tí ìka tẹ̀, pupa wẹ́wẹ́. Nínú ọmọ márùn-ún tí wọ́n bí, bàbá mi nìkan ló ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé, wọn kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìbọn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, Bàbá Àgbà á mọ̀. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wa. Wọ́n á ní, “Àkànjí mi kò lè jalè láyé. Ọwọ́ rẹ̀ á rojọ́.”

Àkànjí ni oríkì bàbá mi. Ẹ̀ńjìníà ni wọ́n, ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ epo kan ní downtown. Bàbá Àgbà kò tíì lo oṣù mẹ́fà pẹ̀lú wa tí owó epo rọ̀bì fi já wálẹ̀. Ẹni tó gbé Calgary nígbà náà mọ bó ṣe rí. Láàárín àwa Nàìjíríà, ìkíni wa yí padà. A kì í bi ara wa mọ́ pé báwo ni iṣẹ́, nítorí a kò mọ ẹni tí a máa bi tí ojú rẹ̀ á yí. Brother kan ní ìjọ wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé tuntun ní Cityscape, kó ìyàwó àti ọmọ padà sí Lagos láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi wọlé ní ọ̀sán ọjọ́ kan pẹ̀lú páálí kékeré, kọ́ọ̀bù kan àti fọ́tò wa ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “They let our whole team go.” Wọ́n sì béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bàbá mi ṣì ń de táì láàárọ̀. Wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà táì lọ. Lẹ́yìn náà wọn kì í wẹ̀ dáadáa mọ́. Tó bá yá wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń tún nǹkan ṣe. Kò sí nǹkan tí wọ́n ń tún ṣe. Mo rí i, n kò sì mọ ohun tí ọmọ ń ṣe sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo máa ń po tíì fún wọn, màá gbé e síbẹ̀, màá sì padà wá gbé e nígbà tó bá tutù.

Nínú basement yẹn ni ìbọn ìléwọ́ bàbá mi wà. Nígbà tí nǹkan ń lọ dáadáa, àwọn ará ọ́fíìsì wọn máa ń lọ yìnbọn sí àmì ní ọjọ́ Sátidé, bàbá mi sì tẹ̀lé wọn. Wọ́n gba licence, wọ́n ra tiwọn, wọ́n ń tì í mọ́ inú àpótí bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ìyá mi kórìíra rẹ̀, a kò sì jẹ́ kí ará ìjọ gbọ́ sí i. Bàbá mi ní òórùn òróró ara rẹ̀ ń rán àwọn létí ìsọ̀ bàbá àwọn.

Bàbá Àgbà kò tíì béèrè nípa ìbọn náà rí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní kí bàbá mi jẹ́ kí àwọn rí i. Orí àtẹ̀gùn basement ni mo jókòó sí pẹ̀lú ìwé biology mi, nítorí ibẹ̀ ni Wi-Fi ti ń mú dáadáa. Bàbá mi ṣí àpótí. Bàbá Àgbà gbé ìbọn náà lọ sídìí fèrèsé kékeré tó wà lókè ògiri, wọ́n wọ awò ojú wọn.

“Ìgbà wo lo lọ yìn ín kẹ́yìn?”

“Bàbá, á ti tó oṣù mẹ́rin. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti lọ, n ò débẹ̀ mọ́.”

Bàbá Àgbà fi àtàǹpàkò ra ara irin náà lọ ra á bọ̀. Mo rí ohun tí wọ́n rí, nítorí wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ìpẹtà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan lójú mẹ́rin, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì lójú kan, pupa wẹ́wẹ́, tuntun. Àpótí títì ni wọ́n ní ìbọn náà wà fún oṣù mẹ́rin. Ọwọ́ bàbá mi ń wà lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Bàbá Àgbà kò sọ èyí jáde. Wọ́n ní, “Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Jẹ́ kí n bá ọ ha á, kí n fi òmíràn sí i. Àwọn lẹ́tà ara rẹ̀ náà ti dí, màá ṣí wọn, màá fi ọ̀dà funfun kún wọn.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá.”

“Mo fẹ́ ṣèyọnu.”

“Ẹ ò ní licence. Òfin Canada ò gbà kí ẹ dá mú un. Àfi tí mo bá jókòó tì yín ní gbogbo ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ yín.”

Bàbá Àgbà bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, “Kí lo rò pé mo ń sọ látẹ̀ẹ̀kan? Jókòó tì mí.”

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti di aago mẹ́wàá àárọ̀, Bàbá Àgbà á kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn òbí mi. “Àkànjí, òfin ń pè ọ́!” Bàbá mi kò lè sọ pé rárá, bàbá wọn ló ń pè wọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ̀, nítorí Bàbá Àgbà ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìdọ̀tí wá sí ìsọ̀ àwọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, nítorí ebi máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Wọ́n tú ìbọn náà palẹ̀, wọ́n tò ó sórí aṣọ funfun, Bàbá Àgbà sì ń fi sáńpépà ha àwọ̀ àtijọ́ kúrò, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fárí fún ọmọ. Ibi tí iléeṣẹ́ tẹ nọ́ńbà sí nìkan ni wọn kò fọwọ́ kàn. Bàbá mi ti kìlọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n á lẹ téèpù bo ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Dípò iná àti òróró, omi dúdú inú ìgò kan ni wọ́n ń lò níbí. Wọ́n á fi òwú kùn ún, irin funfun náà á ṣókùnkùn, á ní àwọ̀ aró nínú. Wọ́n á nù ún, wọ́n á tún kùn ún. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kún àwọn lẹ́tà, wọ́n nu èyí tó ṣẹ́kù, lẹ́tà náà sì yọ ketekete. Ó rẹwà. Èmi tí n kò fẹ́ràn ìbọn, mo rí i pé ó rẹwà.

Bàbá mi ní, “Bàbá, ó ti dára báyìí. It's perfect.”

Bàbá Àgbà gbé e sí ìmọ́lẹ̀. “Kò tíì mu.”

Ní ọjọ́ kejì wọ́n ha gbogbo rẹ̀ dànù.

Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ márùn-ún, oṣù mẹ́ta. Wọ́n á kùn, wọ́n á ní kò mu, wọ́n á ha. Wọ́n á kún lẹ́tà lónìí, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò lọ́la. Bí bàbá mi bá fẹ́ fi ìbínú sọ̀rọ̀, Bàbá Àgbà á ní ojú wo ni àwọn yóò fi wo ará Ṣakí bí wọ́n bá gbọ́ pé irú èyí jáde lọ́wọ́ àwọn. Mo gbà pé ọjọ́ orí ti ń mú wọn. Ní ọjọ́ kan tí bàbá mi gòkè lọ gbé omi, mo tiraka mo sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní, “Bàbá Àgbà, ó dára lánàá. Kí ló dé tí ẹ pa á rẹ́?”

Wọ́n ní, “Bí iṣẹ́ bá tán, oníṣẹ́ á dìde.”

Kò yé mi. Ìgbà kan, omi dúdú náà tán, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn. Òyìnbó onírùngbọ̀n tó wà nídìí káńtà ti mọ bàbá mi dáadáa, ìgò kẹrin nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sir, that's one afternoon's work. What are you guys doing down there?”

Bàbá Àgbà béèrè pé kí ló wí. Bàbá mi ní, “Ó ní iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo ni.”

“Sọ fún un pé ọ̀sán tiwa gùn.”

Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ fún un, wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo rò pé nǹkan ti ń bọ̀ sípò. Bí ọmọdé ṣe ń ronú nìyẹn.

Ìparí oṣù Fẹ́búárì ni, òtútù ti mú wa dé eegun. Iléeṣẹ́ kan ti pe bàbá mi fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà wọ́n kọ̀wé pé àwọn mú ẹlòmíràn. Bàbá mi kà á, wọ́n pa fóònù dé, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ bí òfin ṣe pè wọ́n. Bàbá Àgbà ń fín lẹ́tà wò lára idẹ kékeré kan. Bàbá mi nàka sí ara ìbọn náà.

“Bàbá, tí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ bá mi fín orúkọ mi sí i. Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí. Orúkọ mi ní kíkún.”

Òòlù kékeré náà dákẹ́.

Mo ní láti ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, tó jẹ́ pé bàbá mi ló wá sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nínú ìsọ̀ Bàbá Àgbà, a kì í fín orúkọ alààyè sára ìbọn. Bí ọdẹ kan bá kú, tí wọ́n bá ti sìnkú rẹ̀ tán, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé ìbọn rẹ̀ wá, Bàbá Àgbà á dá àwọ̀ rẹ̀ padà, wọ́n á fín orúkọ olóògbé sí i. Wọ́n á wá gbé e kọ́ sára ògiri, ẹnikẹ́ni kò ní yìn ín mọ́. Alààyè tó bá ní kí wọ́n fín orúkọ òun, lílé ni wọ́n ń lé e jáde. Abẹ́ tábìlì ìsọ̀ yẹn ni bàbá mi ti kọ́ ìrìn. Kò sí bí wọn kò ṣe ní mọ ohun tí àwọn ń béèrè.

Bàbá Àgbà ní, “Àkànjí. Ta ló kú?”

Bàbá mi mú òwú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu irin kan.

“Mo ní ta ló kú?”

Bàbá mi gbé orí lé orí tábìlì, láàárín àwọn irin náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún tí kò ní ohùn, èjìká nìkan ló ń mì. “Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Ó ti rẹ̀ mí.”

Mo wà lórí àtẹ̀gùn. N kò lè sọ̀ kalẹ̀, n kò sì lè gòkè, nítorí pákó àtẹ̀gùn yẹn máa ń dún. Bàbá mi ni, wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ mi níbẹ̀ yẹn, kò sì sí nǹkan kan tí mo lè ṣe. Bàbá Àgbà dìde, wọ́n gbé ọwọ́ dúdú wọn lé ọmọ wọn lọ́rùn, bí a ti ń di ọmọ tuntun mú.

“Ẹni tó bá rẹ̀, oorun ló ń sùn,” ni wọ́n wí. “Kì í kú.”

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò sọ fún ìyá mi, kí ló dé tí a kò gba ilé dókítà lọ ní ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ti bi ara mi títí. Ohun tó yẹ ká ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, bàbá mi fúnra wọn sọ fún ìyá mi, wọ́n lọ rí dókítà, wọ́n ṣì ń lọ títí dòní, wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Àwọn ọlọ́pàá ti wá kó ìbọn náà lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà náà, nínú ilé wa, a kò ní ẹnu tí a fi ń sọ ọ́. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ ló pè é wá. Bàbá Àgbà kò gbọ́ èdè àwọn dókítà, wọn kò mọ̀ pé oògùn wà fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìkan ni wọ́n mọ̀, òun náà ni wọ́n lò.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí mo dé láti ilé ìwé, wọ́n pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n tú aṣọ kékeré kan, irin kan tí wọ́n yọ lára ìbọn náà wà nínú rẹ̀, kò ju orí ìka ọmọńdinrín lọ.

“Láìsí èyí, irin lásán ni ìyókù. Mú un. Má jẹ́ kí n mọ ibi tí o fi sí. Ohun tí n kò bá mọ̀, ẹkún Àkànjí kò lè gbà á lẹ́nu mi.”

Òyìnbó ló jáde lẹ́nu mi. “Why me? Grandpa, why are you giving it to me?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n dá Òyìnbó mi lóhùn. Wọ́n ní, “Torí ìwọ lo wà lórí àtẹ̀gùn.”

Wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látọjọ́ yìí.

Mo bínú sí wọn. Mo ṣì ń bínú sí wọn díẹ̀. Ta ní í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ọmọ lórí? Inú àpò tí mo ń kó pẹ́ńsùlù sí ni mo fi í sí. Mo ń gbé e lọ ilé ìwé, mo ń gbé e wọ train, mo ń fọwọ́ kàn án nínú kíláàsì math láti mọ̀ pé ó ṣì wà. Nílé, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n ń kùn ún, wọ́n ń ha á. Mo gbà pé bàbá mi ti rí i pé ohun kan kò sí lórí aṣọ funfun náà, ẹ̀ńjìníà ni wọ́n. Wọn kò sọ nǹkan kan. Àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn láràárọ̀, ọ̀kan ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, èkejì ń ṣe bí ẹni tí kò rí.

Ọkàn ló mú Bàbá Àgbà lọ. Wọ́n ṣubú nínú ilé ìdáná ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, kí òfin tó pe ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò ní ọsibítù, ìyá mi ń lọ wò wọ́n láàárín iṣẹ́ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì. Bàbá mi kì í kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ tó já geere. Bàbá mi di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ tètè dìde. Iṣẹ́ wa wà nílẹ̀.”

Bàbá Àgbà ní, “Má dá a parí o.”

A sin wọ́n sí Calgary, sínú ilẹ̀ tó dì gbagidi, wọn kò rí Ṣakí mọ́. Bàbá mi kò lè mú wọn lọ sílé, èyí náà wà lára ohun tó ń bà wọ́n nínú jẹ́ títí di òní. Mo rántí pé wọ́n dúró sí etí sàréè nínú aṣọ òtútù tí kò wọ̀ wọ́n mọ́, wọ́n ti rù. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Ìyẹn nìkan ni mo rí ṣe níbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, mo dé láti ilé ìwé, ìyá mi ti lọ síbi iṣẹ́, ilé sì dákẹ́. Iná basement ń tàn. Mo sọ̀ kalẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí n kò dúró lórí àtẹ̀gùn. Bàbá mi jókòó sórí àga tiwọn, àga kejì ṣófo. Aṣọ funfun náà wà ní títẹ́, gbogbo irin wà lórí rẹ̀, àwọn kan dúdú, àwọn kan funfun. Àpò ìwé mi ṣì wà lẹ́yìn mi.

“Mojí, Bàbá fún ọ ní nǹkan kan, àbí?”

Mo fẹ́ purọ́. Mo ti ṣètò irọ́ náà láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò jáde.

“Wọ́n fún mi, Dádì.”

“Ṣé ó wà lọ́wọ́ rẹ?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi.”

“Mú un wá.”

Nínú ilé wa, bí bàbá mi bá ní kí n mú nǹkan wá, ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń gbé e fún wọn. Wọn kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo àga tó ṣófo, kò sí ẹni tí mo lè bi léèrè mọ́. Mo kúnlẹ̀. Yorùbá ni mo sọ.

“Ẹ má bínú, Dádì. N kò lè fún yín.”

Wọ́n di ojú wọn, omi sì ń jáde lábẹ́ ìpéǹpéjú wọn.

“O ṣeun,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá tún béèrè, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o sọ fún mi.”

Wọ́n tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí snow ọdún náà tó yọ́ tán. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo sì kọ̀ fún wọn.